Bákan Náà Lójú, Ọ̀tọ̀ Nínú Ẹ̀rọ: Ìtàn Iye Àyẹ̀wò àti Àkọsílẹ̀ Yorùbá Nínú Àkójọ Dátà

Àṣamọ̀

Iye àyẹ̀wò, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní checksum, ni nọ́ńbà kékeré tí wọ́n ń ṣírò láti inú àkọsílẹ̀ kan kí wọ́n lè fi mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà bóyá àkọsílẹ̀ ọ̀hún ti yí padà. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn rẹ̀ láti ìgbà àwọn adàwékọ àti àwọn olùṣírò àtijọ́ títí dé orí àkójọ dátà òde òní, pẹ̀lú àpẹẹrẹ nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìtàn yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìṣirò fúnra rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ tó le jù. Ìpinnu tó ṣáájú ìṣirò ló le, èyíinì ni ìpinnu lórí àwọn àkọsílẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kà sí ọ̀kan náà. Fún èdè olóhùn bíi Yorùbá, ìpinnu yìí lè dáàbò bo ọ̀rọ̀, ó sì lè pa á rẹ́.

Ìfáàrà

Bí akọ̀wé mẹ́ta bá tẹ orúkọ náà, Bọ́lá, sínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kò sí ojú tí yóò rí ìyàtọ̀ láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí àkọ́kọ́ jẹ́ báìtì 8, kí èkejì jẹ́ 9, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ 10. Bí wọ́n bá wá ṣírò iye àyẹ̀wò lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, èsì mẹ́ta tí kò bára wọn mu ni yóò jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣọ́ àkójọ náà yóò kéde pé àkọsílẹ̀ ti yí padà, nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ka irú ọ̀ràn báyìí sí wàhálà kékeré tí àtúnṣe díẹ̀ lè mú kúrò. Bí ó ti wù kí ó rí, gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ó so mọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ láti ayébáyé, ó sì so mọ́ ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀.

Ṣíṣọ́ Àkọsílẹ̀ Kí Kọ̀ǹpútà Tó Dé

Ẹ̀rọ kọ́ ló kọ́ ènìyàn láti fi iye ṣọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn Masorete, ìyẹn àwọn akọ̀wé Júù tí wọ́n pa Bíbélì èdè Hébérù mọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn àti ṣáájú ìgbà náà, a máa ka ẹsẹ àti lẹ́tà inú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọn a sì kọ iye náà sí etí ìwé tàbí sí ìparí rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá da ìwé náà kọ tí iye rẹ̀ kò sì pé, ó di dandan kí ó wá ibi tí àṣìṣe wà. Iye náà kò sọ ìtumọ̀ ìwé fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń sọ ni pé ẹ̀dà yìí bá ìyẹn dọ́gba tàbí kò bá a dọ́gba.

Ní ọ̀nà mìíràn, àwọn oníṣirò ilẹ̀ Íńdíà àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá lo ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án kúrò nínú nọ́ńbà láti yẹ ìṣirò wò. Wọ́n á ro àwọn díjíìtì nọ́ńbà pọ̀, wọ́n á sì fi àṣẹ́kù wé àṣẹ́kù. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí yóò tún fara hàn léraléra nínú ìtàn yìí: kò bìkítà nípa ètò. Lójú rẹ̀, 27 àti 72 kò yàtọ̀ síra. Àwọn akọ̀wé owó ti sọ àbùkù náà di irinṣẹ́, nítorí pé bí ìyàtọ̀ láàrin àròpọ̀ méjì bá ṣeé pín sí 9 láìsí àṣẹ́kù, wọ́n máa ń fura pé ẹnìkan ti gbé díjíìtì méjì sí ipò ara wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, kíka owó ẹyọ ní ètò tirẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tó jẹ́ 20,000. Ìpele tó wà nínú ètò yìí ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó gba ẹgbàá lè ka okùn nìkan. Bí iye okùn kò bá pé, ó ti mọ̀ pé nǹkan kù. Bí ó bá sì fura sí okùn kan, kò pọn dandan kí ó tú gbogbo yòókù. Irú ìpele bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà padà wá lò nígbà tí àkójọ dátà pọ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń tọ́ka sí i pé odù Ifá jẹ́ 256 àti pé iye náà gan-an ni báìtì kan lè gbà. Òtítọ́ ni ìṣirò náà, nítorí pé ojú odù kan jẹ́ àmì mẹ́jọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ oókan tàbí eéjì. Ṣùgbọ́n ìbáramu nínú iye kò sọ odù di iye àyẹ̀wò. Kò sí àmì kankan lórí ọpọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi hàn pé àwọn àmì yòókù péye. Ohun tí ń ṣọ́ ẹsẹ Ifá ni àwọn babaláwo fúnra wọn, tí ọ̀kan ń gbọ́ èkejì tí ó sì ń tún un ṣe.

Àwọn Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣe Àṣìṣe

Nígbà tí káàdì oníhò wọ ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti òwò, àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan pọ̀, bíi nọ́ńbà àkáǹtì àwọn oníbàárà, nítorí kí wọ́n lè mọ̀ bí káàdì kan bá sọnù. Àròpọ̀ náà kò wúlò fún ohunkóhun mìíràn.

Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Richard Hamming a máa lo ẹ̀rọ ìṣirò kan ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ̀ bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kí ó pa iṣẹ́ náà tì, kí ó sì bọ́ sórí òmíràn. Hamming á dé ní ọjọ́ Ajé, á bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ láìparí. Ìbínú yìí ló mú un béèrè pé, bí ẹ̀rọ bá lè mọ̀ pé àṣìṣe wà, kí ló dé tí kò lè mọ ibi tó wà, kí ó sì tún un ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ jáde ní 1950, òun ló sì di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kóòdù tí ń tún àṣìṣe ṣe.

Ní January 1954, Hans Peter Luhn, ọmọ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú IBM, béèrè fún ìwé ẹ̀rí àrà tuntun lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí ń yẹ nọ́ńbà wò. Wọ́n fún un ní 1960. Ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ni ó ṣì wà lórí káàdì báńkì káàkiri àgbáyé. Ó ń mú gbogbo àṣìṣe díjíìtì kan, ó sì ń mú gbogbo ìpààrọ̀ díjíìtì méjì tó tẹ̀ léra, àyàfi 09 àti 90. Ní 1961, W. Wesley Peterson àti D. T. Brown ṣàlàyé ọ̀nà CRC, èyí tí ó dára fún àṣìṣe tó ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí wáyà àti téèpù.

Gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọ̀tá kan náà: ọwọ́ tó yọ̀, wáyà tó dún, ihò tí kò lu dáadáa. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀nà yìí tí wọ́n ṣe nítorí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ tan ni jẹ.

Díjíìtì Kẹwàá: Àpẹẹrẹ Láti Nàìjíríà

Ní 2010, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà NUBAN jáde, èyí tó sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì ìṣòwò di díjíìtì mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì gan-an. Ìkẹwàá jẹ́ díjíìtì àyẹ̀wò. Láti rí i, wọ́n á kọ kóòdù báńkì, tó jẹ́ díjíìtì mẹ́ta, ṣáájú mẹ́sàn-án náà. Wọ́n á sọ díjíìtì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 3, 7, 3, ní ìtẹ̀léra títí dé ìkejìlá. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á pín in sí 10, wọ́n á sì yọ àṣẹ́kù kúrò nínú 10. Bí èsì bá jẹ́ 10, òdo ni wọn yóò kọ.

Kí kóòdù báńkì jẹ́ 011, kí nọ́ńbà àkáǹtì sì jẹ́ 000001457. Àròpọ̀ jẹ́ 81, àṣẹ́kù jẹ́ 1, díjíìtì àyẹ̀wò sì jẹ́ 9. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ 000001547, àròpọ̀ yóò di 77, díjíìtì àyẹ̀wò á sì di 3. Ẹ̀rọ yóò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 000004157, àròpọ̀ ṣì jẹ́ 81, 9 náà ni yóò sì jáde. Ìdí ni pé ìlọ́po 3 ni díjíìtì kẹfà àti ìkeje ní, bákan náà ni ìkẹta àti ìkẹrin. Ibi tí 3 bá ti pàdé 3, ìpààrọ̀ díjíìtì méjì kò hàn sí ẹ̀rọ. Ètò náà ń mú gbogbo àṣìṣe díjíìtì kan, nítorí pé 3 àti 7 kò bá 10 pín ohunkóhun ju 1 lọ. Ṣùgbọ́n kò mú gbogbo ìpààrọ̀.

Báwo wá ni owó kì í ṣe é ṣìnà lójoojúmọ́? Orúkọ ni ìdáhùn. Ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ máa ń rí orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì kí ó tó fọwọ́ sí i. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ní ti àkáǹtì náà pẹ̀lú. Níbi tí díjíìtì àyẹ̀wò bá ti kùnà, orúkọ ni odi ìkẹyìn. Orúkọ náà sì sábà máa ń jáde láìsí àmì kankan, lórí fóònù àti lórí ìwé ìrìnnà, níbi tí ìlà tí ẹ̀rọ ń kà kò ti gba ju lẹ́tà A sí Z, nọ́ńbà, àti àmì ìdíàyè kan lọ.

Nígbà Tí Àkọsílẹ̀ Di Ìlà Nínú Àkójọ

Ní 1970, E. F. Codd tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí àkójọ dátà alájọṣepọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ àkójọ òde òní dúró lé. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, tábìlì jẹ́ àkójọpọ̀ ìlà tí kò ní ètò: kò sí ìlà tó ṣáájú, kò sí èyí tó kẹ́yìn. Èyí dára fún ìbéèrè, ó sì burú fún iye àyẹ̀wò, nítorí pé ìṣirò tó dára a máa ka ètò sí. Ọ̀nà méjì ni ó wà láti jáde nínú rẹ̀. Èkínní ni kí wọ́n to ìlà nípa kókó tí kò lè ṣe méjì kí wọ́n tó ṣírò. Èkejì ni kí wọ́n ṣírò iye fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ nípa ìṣirò tí kò bìkítà nípa ètò, bíi àròpọ̀ tàbí XOR. Ewu èyí tó kẹ́yìn ni pé nínú XOR, iye méjì tó dọ́gba ń pa ara wọn rẹ́. Bí ìlà kan bá ṣèèṣì wọlé lẹ́ẹ̀mejì sí i, iye àpapọ̀ kò ní yí padà rárá.

Ìṣòro tún wà nínú ìlà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá so àwọn àyè inú ìlà pọ̀ láìfi àmì sáàárín wọn, ìlà tó ní Adé àti Bọ́lá á dọ́gba pẹ̀lú ìlà tó ní AdéB àti ọ́lá. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàrin àyè tí a mọ̀ pé ó ṣófo àti àyè tí a kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀; orúkọ ìyá tí a kò rí kì í ṣe pé ìyá kò sí. Síbẹ̀, àkójọ dátà Oracle ń ka ọ̀rọ̀ tó ṣófo sí ohun tí a kò mọ̀. Ìwé ìtọ́ni MySQL pẹ̀lú kìlọ̀ pé iye tí àṣẹ rẹ̀ fún àyẹ̀wò tábìlì ń mú jáde dúró lórí bí ẹ̀rọ ṣe tọ́jú ìlà, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà ìtọ́jú bá yí, iye náà yóò yí, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí.

Ohun tí ó so gbogbo èyí pọ̀ ni pé kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ yan ìrísí kan ṣoṣo fún àkọsílẹ̀: ètò ìlà, àmì ààlà, ìrísí ọjọ́, iye àyè lẹ́yìn àmì ìdásí nínú nọ́ńbà. Bí ìrísí yìí kò bá dúró, kò sí ìṣirò tó lè gbà á sílẹ̀.

Bí ìṣirò fúnra rẹ̀ ti ń dàgbà, ọ̀tá tuntun náà dé. Ronald Rivest gbé MD5 jáde ní 1992 kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣe àkọsílẹ̀ méjì tí iye wọn dọ́gba. Ní 2004, Xiaoyun Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ṣe é. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Amsterdam àti ní Google ṣe bẹ́ẹ̀ fún SHA-1. Láàrin èyí ni èrò Ralph Merkle ní 1979 di ohun èlò: igi iye àyẹ̀wò, níbi tí iye àwọn ewé ti ń para pọ̀ di iye ẹ̀ka, tí ti àwọn ẹ̀ka sì ń di ti gbòǹgbò. Àwọn àkójọ ńlá tó ní ẹ̀dà púpọ̀ ń fi gbòǹgbò wé gbòǹgbò. Bí wọ́n bá yàtọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀ka tó yàtọ̀ nìkan, bí ẹni tó fura sí okùn kan tí kò tú gbogbo ẹgbàá.

Àkọtọ́ Yorùbá Dé Inú Ẹ̀rọ

Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni ọ̀nà àkọsílẹ̀ ti ń yí padà. Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí àkọtọ́ kan múlẹ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lórí ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn lókè. Ìgbìmọ̀ 1966 àti àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 tún un ṣe: aiye di ayé, enia di ènìyàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé ìkàwé kan náà lè ní Oshogbo, Oṣogbo àti Òṣogbo, tí gbogbo wọn jẹ́ ìlú kan.

Àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kò mọ àmì wọ̀nyí. Kóòdù ASCII ti 1963 kò ní wọn. ISO 8859-1, tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ní é àti ò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Àwọn olùtẹ̀wé Yorùbá wá ń lo fọ́ńtì tí wọ́n yí padà, níbi tí lẹ́tà kan ti gba ipò àmì mìíràn. Ohun tó hàn bí ọ lórí ẹ̀rọ kan á di àmì àjèjì lórí òmíràn.

Nígbà tí Unicode bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó mú ọ̀nà àbáyọ wá, ó sì mú ìṣòro tuntun. Ó fún ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà kọ ọ́: o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e, o pẹ̀lú àmì ohùn kí àmì ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú, ọ̀kan ni wọ́n. Nínú UTF-8, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ báìtì 4, àwọn mẹ́ta yòókù sì jẹ́ báìtì 5 tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn kò bára mu. Ibẹ̀ ni báìtì 8, 9 àti 10 ti orúkọ Bọ́lá ti wá.

Àjọ Unicode ṣe ìlànà ìmúdọ́gba fún èyí. Nínú ìrísí tí wọ́n ń pè ní NFC, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ọ pẹ̀lú àmì ohùn. Nínú NFD, wọ́n á di o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, ní ètò yẹn. Àjọ náà sì ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wà ní ìrísí yìí lónìí kò ní yí padà nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Fún ẹni tó ń ṣírò iye àyẹ̀wò, ìlérí yìí ṣe pàtàkì púpọ̀.

Àmọ́ ìmúdọ́gba ní ààlà. Àwọn kan a máa fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sísàlẹ̀ lẹ́tà dípò àmì tóótó, kóòdù méjèèjì kò sì dọ́gba nínú ìlànà kankan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlànà Unicode tó lè sọ Oshogbo di Òṣogbo.

Ìwòsàn Tó Ń Pa Aláìsàn

Nítorí wàhálà yìí, ọ̀nà tó rọrùn jù tí àwọn kan gbà ni kí wọ́n gé gbogbo àmì kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Iye àyẹ̀wò á dúró ṣinṣin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, àti oko tí gbogbo wọn ti ń jẹun á di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá yí ọkọ́ padà sí ọkọ̀ nínú àkójọ irú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìṣọ́ kò ní rí i. Iye náà dúró ṣinṣin nítorí pé ohun tó yẹ kó ṣọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Nínú MySQL 8.0, ọ̀nà ìfiwéra tí ẹ̀rọ ń lò bí wọn kò bá yan òmíràn kò ka àmì sí. Lójú rẹ̀, ọkọ dọ́gba pẹ̀lú oko. Bí wọ́n bá fi òfin aláìṣeméjì lé àyè kan nínú ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá, tí ọkọ sì ti wọlé, ẹ̀rọ yóò kọ ọkọ́ sílẹ̀. Níbẹ̀ náà sì ni iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣírò lórí báìtì ń sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀. Inú àkójọ kan náà ni ìtumọ̀ méjì ti wà fún dídọ́gba, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́ ọ má mọ̀.

Ìtàn tí a ti tọpa rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà tó sàn jù. Ó yẹ kí iye àyẹ̀wò kan wà lórí báìtì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbà á, èyí tí yóò ṣọ́ ìpamọ́. Ó yẹ kí òmíràn wà lórí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ di NFC, èyí tí yóò ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìrísí tí kò ní àmì wúlò fún ẹni tó ń wá nǹkan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Àkọtọ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà bí ó ti wà, kí àyè mìíràn sì gbé ti òde òní. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé sí ẹ̀gbẹ́ iye náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Masorete ti kọ tiwọn sí etí ìwé.

Àgbálọgbábọ̀

Iye àyẹ̀wò kò lè sọ bóyá àkọsílẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí irọ́ bá ti wọlé, yóò ṣọ́ irọ́ náà tọkàntọkàn. Gbogbo ohun tó lè jẹ́rìí sí ni pé ohun tó wà lónìí ni ohun tó wà lánàá, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ẹnìkan ti pinnu pé ó jẹ́ ọ̀kan náà. Láti orí kíka lẹ́tà dé orí igi Merkle, ìpinnu yìí ni ó ń ṣáájú ìṣirò. Àwọn tó ṣe ìpinnu náà fún ASCII àti fún ISO 8859-1 kò ní ọkọ àti ọkọ́ lọ́kàn. Ní báyìí tí ìwé ìròyìn àtijọ́, àlọ́, oríkì àti orúkọ Yorùbá ń wọ inú àkójọ dátà lọ́pọ̀ yanturu, àwọn onímọ̀ èdè ni wọ́n mọ ibi tí ìyàtọ̀ wà, ó sì yẹ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ìlànà náà, kí ìlà àkọ́kọ́ tó wọlé.